Ikú Tí A Ń Pè Ní Òjijì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Bàbá àti Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ



Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí láti ẹnu mi ni ìtàn bí a ti kọ́ ilé ìsìn yìí. A ti kọ ìtàn náà sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Ohun tí ìwé ìsìnkú kì í sọ ni mo fẹ́ sọ ní òní. Ẹni tí ó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí orúkọ òkú, àdúgbò tí ó gbé, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí a sin ín, àti orúkọ àlùfáà tí ó sin ín. Kò ní rí ohun tí ó pa á. Ibi tí ìwé sì ti dákẹ́ ni ẹnu ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá jẹun alẹ́ tán, tí ó di àyà mú, tí ilẹ̀ kò sì mọ́ bá a, a ó wí pé ikú òjijì ni. Kí ó tó di ọjọ́ kẹjọ, a ó ti mọ ẹni tí ó ṣe é: àbúrò bàbá rẹ̀ ni, tàbí orogún ìyá rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò. Mo ti rí agbo ilé tí ó fọ́ sí méjì nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ ìyá kan náà kò sì kí ara wọn mọ́ títí di òní. Èyí ni ó sún mi láti máa ka ìwé nípa àrùn iṣan ọkàn. Ohun tí mo rí kà ni pé, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ikú yìí kì í ṣe òjijì rárá. Ó ti lè máa bọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì ń fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá wo ilẹ̀.

Ọkàn tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọkàn tí a fi ń rò, bí kò ṣe ẹran ara tí ó tó ìkúùkù ènìyàn, tí ń lù kìkì nínú àyà wa, nǹkan bí ìgbà 100,000 ní ọjọ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́mu tí kò gbọdọ̀ mu nínú agbè tí ó ń gbé lọ sí ọjà, ọkàn kì í jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó kún inú rẹ̀. Iṣan méjì tí ihò inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 3 sí 4 lọ ni ó yí i ká, tí ó sì ń gbé oúnjẹ fún un. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ ara ògiri iṣan wọ̀nyí. Ara a máa bá a jà, ibẹ̀ a sì wú, a di kókó. Ẹni náà ń jẹ, ó ń mu, ó ń jó níbi ìgbéyàwó. Kò mọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan, ojú kókó náà a ya, ẹ̀jẹ̀ a dì sí ibẹ̀ bí ó ti máa ń dì sí ojú ọgbẹ́, ọ̀nà a sì dí. Apá ọkàn tí iṣan náà ń bọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí kú láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí ni ìkọlù ọkàn. Ohun tí a rí kò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a kò rí ti gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé àwọn arúgbó bí èmi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ọdún 1953, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ìwé nípa àwọn sójà wọn 300 tí ó kú nínú ogun Kòríà, tí wọ́n ṣí ọkàn wọn wò. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn ọmọkùnrin náà jẹ́ ọdún 22. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 77 ni a ti rí àmì àrùn yìí nínú iṣan ọkàn wọn. Sójà ni wọ́n, a ti yẹ ara wọn wò kí a tó gbà wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní aláìsàn.

Báwo ni a ṣe wá mọ ohun tí ń fà á? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, èyíinì ni Franklin Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Bí a bá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, iye méjì ni a ń kọ: ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ sì ni èyí tí ó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi. Ní ọdún 1935, ti Roosevelt jẹ́ 136 lórí 78, èyí tí kò burú. Ní 1937 ó di 162 lórí 98. Ní 1941 ó di 188 lórí 105. Lónìí, 140 lórí 90 ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ní ìgbà náà, èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé bí ènìyàn ti ń dàgbà, ó yẹ kí ìfúnpá máa ga sí i, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá nínú iṣan tí ó ti le. Kò sì sí oògùn tí ó ṣe gúnmọ́ fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ọ̀dọ́ dókítà kan, Howard Bruenn, yẹ Ààrẹ wò, ó sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, ní ìlú Warm Springs, Roosevelt wí pé orí ń fọ́ òun gidigidi, ó sì ṣubú. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 300 lórí 190. Ilẹ̀ kò ṣú kí ó tó kú. Ẹni ọdún 63 ni.

Ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ tú sí. Kì í ṣe iṣan ọkàn ni ó dí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó ń ba iṣan orí jẹ́, ó sì ń ba ti ọkàn jẹ́. A sì sọ fún àwọn ará ìlú pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni. Ẹ tún wo àwọn iye tí mo kà sílẹ̀ yẹn, láti 1935 títí dé 1945, kí ẹ sọ fún mi bóyá a lè pè é ní òjijì. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ọdún 1948, Ààrẹ Truman tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fi ọwọ́ sí òfin tí ó pèsè owó fún ìwádìí àrùn ọkàn. Ní ọdún náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Framingham, ní nǹkan bí ogún máìlì sí ìwọ̀-oòrùn Boston. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, nítorí pé iṣẹ́ akọ̀wé ìtàn ni. Àwọn oníṣègùn náà kò tọ ẹni tí àrùn ti mú lọ láti bi í léèrè ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó mu ní ogún ọdún sẹ́yìn, nítorí ta ni ó lè rántí? Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú ni wọ́n pè, àwọn tí ń bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ, láti ẹni 30 ọdún títí dé ẹni 62. Àwọn 5,209 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú wọn, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àrùn ọkùnrin nìkan ni èyí. Ní ọdún méjì méjì, wọ́n a wá, a ó wọn ìfúnpá wọn, a ó wọn bí wọ́n ti wúwo tó, a ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, a ó bi wọ́n léèrè iye sìgá tí wọ́n ń mu, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó dúró. Sùúrù ni ìdajì iṣẹ́ náà. Bí àrùn bá mú ẹnìkan, a ó padà lọ wo ohun tí a ti kọ nípa rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le.

Ní ọdún 1961, William Kannel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ohun tí ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, àti ẹni tí ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni àrùn náà ń mú jù. Wọ́n tún rí ti sìgá, àti lẹ́yìn náà, ti àtọ̀gbẹ. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn nǹkan wọ̀nyí ni a lè pè ní okùnfà ewu. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò wí pé ẹnikẹ́ni tí ó ní i yóò kú nípa rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé tí a fi koríko bò ni ó ń jóná. Ṣùgbọ́n bí koríko bá gbẹ, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí a sì ń dáná lẹ́bàá ògiri, ẹni tí ó bá sùn nínú ilé náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n rí i pé àwọn okùnfà wọ̀nyí a máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀, tí ó ń mu sìgá díẹ̀, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga díẹ̀, lè wà nínú ewu ju ẹni tí ẹyọ kan péré ga gidigidi nínú ara rẹ̀. Àwọn tí ó ní díẹ̀díẹ̀ wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù láàárín wa, àwọn ni ó sì máa ń wí pé nǹkan kan kò ṣe àwọn.

Ṣùgbọ́n èèyàn funfun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn ará Framingham ìgbà náà. Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kàn wá? Àwọn oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àárín ọ̀rúndún ogún jẹ́rìí pé wọn kì í sábà rí ìkọlù ọkàn láàárín àwọn ènìyàn wa. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé àrùn òyìnbó ni, pé ẹ̀jẹ̀ wa kò gbà á. Àwọn mìíràn, pàápàá ní Amẹ́ríkà, sọ òdìkejì rẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru: wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú láti ìran wá. Ìdáhùn sí àwọn méjèèjì ti ilẹ̀ wa níhìn-ín jáde. Àwọn oníwàádìí kan wọn ìfúnpá àgbàlagbà tí ó lé ní 10,000, gbogbo wọn jẹ́ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn àwọn ará ilẹ̀ wa, nínú èyí tí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá wà, ìlú tí a mọ̀ fún ìbejì. Wọ́n wọn àwọn ará Kamẹrúùnù. Wọ́n wọn àwọn tí a kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Jàmáíkà, Barbados àti St Lucia. Wọ́n sì wọn àwọn ará Maywood lẹ́bàá Chicago. Ní ọdún 1997 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ara 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí wọ́n ti sanra tó, àti ìwọ̀n iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ, tí ó ń ga bí a ti ń jìnnà sí ilé.

Ìrìn àjò kọ́ ni ó fà á, bí kò ṣe bí a ti ń gbé. Bí a bá sì kó bí wọ́n ti ń gbé ní ọ̀hún wá sí ilé, tí a ń gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí kò tó ìlàjì máìlì, tí a ń sè ọbẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ tán tí a tún fi èròjà amọ́bẹ̀dùn mẹ́ta sí i, kò ní béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 2004, ìwádìí ńlá kan tí Salim Yusuf ṣe olórí rẹ̀ jáde láti orílẹ̀-èdè 52. Ohun mẹ́sàn-án ni wọ́n rí pé ó wà ní ìdí ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́, ní gbogbo ilẹ̀ àti nínú ọkùnrin àti obìnrin: sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́, àìlo ara, àti ọ̀rọ̀ ọtí. Nínú àwọn ènìyàn dúdú Áfíríkà tí wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó wúwo jù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ni. Èyí ni ó fi jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Àwọn kan rò pé bí kò bá sí orí fífọ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 ní ọjọ́ kan, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, kí a sì ka èyí tí ó wà nínú búrẹ́dì, nínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀ àti nínú èròjà ọbẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ó bá ti ru, oògùn wà, èyí tí Roosevelt kò rí lò. Ní ọdún 1967, dókítà Edward Freis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìdánwò kan jáde. Ọkùnrin 143 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru gidigidi ni wọ́n pín sí méjì: 73 gba oògùn, 70 gba ohun tí ó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní agbára kankan. Kí ó tó tó ọdún méjì, àwọn 27 nínú àwọn tí kò gba oògùn gidi ni nǹkan búburú ti ṣe, mẹ́rin sì kú. Nínú àwọn tí ó gbà á, ènìyàn méjì péré ni nǹkan ṣe, kò sì sí ẹni tí ó kú. Láti ìgbà náà, kò tún sí àríyànjiyàn lórí pé ó yẹ kí a wò ó. Ohun tí ó kù ni kí ènìyàn máa lò ó. A ó lò ó fún oṣù kan, ara a dẹ̀, a ó sì jù ú sí orí pẹpẹ títí eku yóò fi jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan ń da oògùn nù nítorí wọ́n ní àwọn ti gba ìwòsàn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kí ó lọ wọn ọ́n. Bí iye náà bá ti lọ sílẹ̀, kí dókítà sọ bí a ó ti dín oògùn kù. Ẹ̀rọ náà kò ní ojúsàájú.

Ní ti lílo ara, Jeremy Morris ní Lọ́ńdọ̀nù rí ohun kan tí ó pa mí ní ẹ̀rín ìyàlẹ́nu. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà ní awakọ̀ kan àti agbowó ọkọ̀ kan. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n, àdúgbò kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jókòó ní gbogbo ọjọ́, agbowó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò, ó lé ní ìgbésẹ̀ 500 ní ọjọ́ kan. Ní ọdún 1953, ó kọ ọ́ pé àrùn iṣan ọkàn kéré láàárín àwọn agbowó ju ti awakọ̀ lọ, àti pé nígbà tí ó bá sì mú wọn, kì í tètè pa wọ́n bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ wo ìwé àwọn tí ń rán aṣọ iṣẹ́ fún wọn, ó sì rí i pé ìbàdí ṣòkòtò awakọ̀ fẹ̀ jù. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè kò nílò kí a kọ́ ọ ní eré ìdárayá. Àwa tí a ti fi oko sílẹ̀, tí a ń jókòó nínú ọ́fíìsì, nínú ṣọ́ọ̀bù àti ní ìdí tẹlifíṣọ̀n, ni kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa kí ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú pé ayé ń yẹ ẹ́. Bí ìbàdí ọkùnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, tí ti obìnrin kọjá 80, kí wọ́n lọ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ti sìgá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹni tí ń mu ún fi í sílẹ̀. Láàárín ọdún kan, ewu tí ó fi kún ti ọkàn rẹ̀ a ti dín kù dé nǹkan bí ìdajì.

Àwọn ohun kan wà tí a kò lè yí padà: ọjọ́ orí, jíjẹ́ ọkùnrin, àti ìdílé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní àrùn yìí kí ó tó pé ọdún 55, tàbí tí ìyá rẹ̀ tàbí arábìnrin rẹ̀ ní i kí ó tó pé 65, kí ó tètè máa wọn ara rẹ̀. Àrùn kan náà tí ó mú bàbá tí ó tún mú ọmọ, a ti máa ń pè é ní ègún ìdílé, a ó sì máa wá ẹni tí ó gé e. Ó lè jẹ́ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n jogún. Ẹ̀yin ìyá, nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dá, ààbò tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ a dín kù. Ẹ má ṣe wí pé ti àwọn ọkùnrin ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àmì rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò nílò rẹ̀ lè wà níhìn-ín. Àyà a fún bí ẹni pé a gbé ọlọ lé e. Ìrora náà lè gba apá òsì, ọrùn tàbí párì lọ. Òógùn tútù a bò ènìyàn. Èémí a kúrú. Nínú obìnrin àti nínú alátọ̀gbẹ, ó lè má dùn púpọ̀: àárẹ̀ lójijì, èébì, tàbí ohun tí ó jọ inú rírun. A kò gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná àti orí pípa wò ó títí di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà ni kí a gbé e lọ ní wákàtí náà, kí ó má sì wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìjọ yóò máa wọn ìfúnpá ní yàrá ilé ẹ̀kọ́, láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, wọn kò sì ní gba owó. Kí olúwarẹ̀ tọ̀ kí ó tó wọlé, kí ó má ṣe mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí ó gbé apá lé tábìlì, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò wọn ọ́n. Wọn yóò kọ iye náà àti ọjọ́ rẹ̀ lé pépà fún un, kí ó mú un lọ sí ilé.